Ọjọ́ tí mo pàdé ẹni tí mo ti ṣépè fún

Ìrírí tèmi rèé. Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí, mi ò sì tíì sọ ọ́ délẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Bàbá àwọn ọmọ mi pàápàá, apá kan ló gbọ́, nítorí ibì kan wà níbẹ̀ tó ń dùn mí títí di òní.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Bàbá tó bí ìyá mi, ahunṣọ ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí àgbàlá tí èèyàn máa yà sí ládùúgbò wa tí kò ní bá òfì níbẹ̀, òwú á nà gbọọrọ sílẹ̀, wọ́n á gbé òkúta lé e níkàngun kó lè le dáadáa. Bàbá àgbà á ti jókòó sídìí tiwọn láti àárọ̀, ọ̀kọ̀ á máa lọ, á máa bọ̀ lọ́wọ́ wọn, aṣọ á máa jáde tẹ́ẹ́rẹ́, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé e, wọ́n á rán an pọ̀. Nígbà tí ìyá àgbà bí ìyá mi, tó jẹ́ àkọ́bí wọn, bàbá àgbà hun sányán fún wọn: ìró, ìborùn àti gèlè. Sányán gidi ni o, kì í ṣe òwú tí wọ́n pa láró kó lè jọ ọ́. Kòkòrò inú igbó ló ń ta òwú yẹn, tó fi ń kọ́lé sára igi. Wọ́n á ká ilé náà, wọ́n á sè é, àwọn ìyá arúgbó á wá fi ọwọ́ ran án. Àwọ̀ tó bá ti ibẹ̀ wá náà ló ń ní, bí àwọ̀ tíì tí wọ́n da mílíìkì sí dáadáa. Kì í dán. Bó bá ṣe ń gbó ló ṣe ń rọ̀ lára. Àwọn tó ní sányán ni baba aṣọ mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ìyá àgbà gbé e lé ìyá mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé ọkọ. Èmi náà fi í ṣègbéyàwó ní 1994, mo sì dá a padà sínú àpótí ìyá mi, torí wọ́n ní ibẹ̀ ló ń gbé, ẹni tó bá fẹ́ lò ó á wá mú un. Ìgbà kan wà tí eku jẹ etí ìró náà. Ìyá mi fi òwú dúdú rán an, abẹ́rẹ́ mẹ́ta péré, torí òwú dúdú ló wà nítòsí lọ́jọ́ náà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ pé àwọn máa tú u, àwọn máa wá òwú tó bá a mu. Wọn ò tú u títí tí wọ́n fi fi wá sílẹ̀ ní 2017.

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe níbi fídáù. A ṣe àwo, a ṣe abẹ̀bẹ̀, a tún ṣe àpò kan tí a tẹ àwòrán ìyá mi sí lára, orúkọ wọn, Ìsẹ́yìn àti ọjọ́ tí a ṣe àdúà. Nígbà tí àsìkò yìgì àkọ́bí mi wá tó ní 2018, mo lọ sí Ìsẹ́yìn lọ mú sányán náà wá, nítorí mo ti pinnu pé òun ni ọmọ mi máa ró lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo ń wá ohun tí máa dì í sí, mo rí ọ̀kan nínú àwọn àpò yẹn lórí àpótí. Mo ro ó pé kí ìyá mi fúnra wọn gbé aṣọ wọn dé Ìbàdàn. Mo ká a, mo ju káńfọ̀ méjì sí i, mo fi tẹ̀sùbáà wọn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Sátidé ni. Àwọn ará ilé tún di ẹ̀lùbọ́ fún mi, ó kún àpò ńlá kan, torí ẹni tó bá lọ sí Òkè-Ògùn kì í dé lọ́wọ́ òfìfo. Mo wọ ọkọ̀ ní gáréèjì, a gba Mọ́níyà dé Ọ̀jọ́ọ̀, níbẹ̀ ni mo ti wọ Micra tó ń lọ sí Bódìjà. Ẹ̀lùbọ́ wà ní búùtù. Àpò ìyá mi wà lórí itan mi títí a fi dé Agbowó, ìgbà tí obìnrin kan tó gbé ọmọ wọlé tì mí ni mo ní kí awakọ̀ bá mi fi í sí búùtù pẹ̀lú èyí tó kù. Mo máa ń rántí ìṣẹ́jú yẹn. Ó dá ọkọ̀ dúró, ó sọ̀kalẹ̀, ó gbà á lọ́wọ́ mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nígbà tí a dé Bódìjà, fóònù mi ń dún, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni, ọ̀rọ̀ àga àti àtíbàbà ni wọ́n ń bá mi sọ. Awakọ̀ kò ní ṣéńjì, ọkọ̀ ẹ̀yìn ń fọn fèrè. Mo ní kó fi ṣéńjì sílẹ̀. Aláàárù kan fa ẹ̀lùbọ́ yọ, ó gbé e rù, mo tẹ̀ lé e, fóònù ṣì wà létí mi.

Inú ilé ni mo ti mọ̀. Mo gbé ẹ̀lùbọ́ sílẹ̀ ní kíṣìnnì, mo yíjú wẹ̀yìn bí ẹni tó ń wá ọmọ tó tẹ̀ lé e. Kò sí nǹkan. Mo ru ẹ̀lùbọ́ wálé, mo fi ìyá mi sílẹ̀ sínú búùtù ọkọ̀ ọlọ́kọ̀.

Ta ló lè mọ Micra kan yàtọ̀ sí òmíràn ní Ìbàdàn? Mi ò wo nọ́ńbà rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo rántí ni pé awakọ̀ náà wọ fìlà aláwọ̀ ewé. Mo padà sí Bódìjà, mo lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀, mo bá àwọn àgbà awakọ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n ṣe dáadáa fún mi, wọ́n ń pe ẹni tó bá ń kó èrò ọ̀nà náà wá síwájú mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí nínú wọn. Lọ́jọ́ Ajé mo lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò, mo san owó ìkéde, wọ́n sì kà á láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta: àpò tó ní àwòrán ìyá àgbà kan lára, ẹni tó bá rí i kó jọ̀ọ́, kó gbé e wá sí ilé iṣẹ́ wa, Ọlọ́hun á san án lẹ́san rere. Mo ń gbọ́ ọ nílé, omi ń bọ́ lójú mi. Ẹnikẹ́ni kò yọjú.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Alẹ́ ọjọ́ tí ìkéde parí, lẹ́yìn ìrun ìṣáì, mi ò dìde lórí ẹní. Mo ṣépè. Èmi tí ìyá mi tọ́ pé kí n má ṣe fi ẹnu mi sọ ohun búburú, mo ní ẹni tó gbé àpò yẹn, kó má rí i lò láyọ̀. Mo ní ọwọ́ tó fi tú u, ọwọ́ náà kò ní ṣe é lóore. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo sì ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ lẹ́yìn náà, bí ẹni ń lo oògùn. Ohun tí mo fọkàn rò ni pé ẹni náà mọ ohun tó ń ṣe, ó ti rí ojú ìyá mi lára àpò, ó rí orúkọ wọn, síbẹ̀ ó dákẹ́.

Bàbá àwọn ọmọ mi ní kí a lọ sí Òjé. Ọjọ́ ọjà rẹ̀ bọ́ sáàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, torí ìtàdógún ni wọ́n ń ná an, àwọn aláṣọ òkè láti ìlú oríṣiríṣi sì pọ̀ níbẹ̀ bí ewé. Mo fọwọ́ kan sányán tó tó ogún. Àwọn aláṣọ náà kò purọ́ fún mi. Ìyá kan wò mí lójú, ó ní, "Ìyàwó, èyí tí ò ń wá yẹn, ìyá ẹni ló ń fúnni, a kì í rà á lọ́jà mọ́. Òwú òyìnbó ni gbogbo èyí o." Ó kí mi kú àṣedànù, kò sì tajà kankan fún mi. Mo padà wálé. Ẹ̀lùbọ́ yẹn ṣì wà ní kíṣìnnì, mi ò lè rò ó.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ọjọ́ kẹtàlá, mo ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ nígbà tí àbúrò ìyá mi pè mí láti Ìsẹ́yìn. Wọn ò kí mi, wọn ò béèrè àwọn ọmọ. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, níbo lo gbé ẹ̀gbọ́n mi jù sí?"

Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo dúró sí, tìgbálẹ̀tìgbálẹ̀.

Wọ́n ní bí àwọn ṣe jáde ní mọ́sáláṣí ni ahunṣọ kan dá àwọn dúró, ó na fóònù sí wọn, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó, ṣé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín nìyí?" Àwòrán àpò náà ni. Wọ́n ka nọ́ńbà kan fún mi, nọ́ńbà ìyá kan tó ń ránṣọ ní Yemẹtu.

Mi ò sùn. Sátidé, kí oòrùn tó mú, mo ti wà ní Yemẹtu. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni, ẹ̀rọ mẹ́rin, ọ̀kan jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ àtijọ́. Ìyá náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ́n fi okùn ìwọ̀n kọ́rùn, gíláàsì wọn wà nímú. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n fún mi ní àga, wọ́n ní kí wọ́n bu omi wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ìyá ìyàwó, ẹ má bínú o, màá bi yín ní ìbéèrè kan. Ojú èèyàn nìkan kò tó fún irú nǹkan báyìí. Kí ló wà létí ìró náà?"

Mo ní, "Eku ló jẹ ẹ́, mà. Òwú dúdú ni ìyá mi fi rán an. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta."

Wọ́n bọ́ gíláàsì. Wọ́n ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti rí abẹ́rẹ́ mẹ́ta yẹn ni mo ti mọ̀ pé aṣọ tí wọ́n fẹ́ràn ni." Wọ́n wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì lọ, wọ́n gbé àpò náà jáde. Ìyá mi ń wò mí lára rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń wò níbi fọ́tò, tí wọ́n gbọ́rí sápá kan díẹ̀. Mo tú u. Wọ́n ti yọ sányán náà, wọ́n tún un ká lọ́nà mìíràn kí ojú ibi tí wọ́n ká má baà gé, wọ́n fi aṣọ funfun wé e. Tẹ̀sùbáà wà lórí rẹ̀. Káńfọ̀ tuntun ni wọ́n fi sí i.

Wọ́n wá ṣàlàyé. Ọmọ iṣẹ́ wọn kan ló wọ Micra yẹn ní Bódìjà lẹ́yìn tí mo sọ̀kalẹ̀, ó lọ ra òwú àti àwọn ohun ìránṣọ, ẹrù rẹ̀ tó mẹ́ta. Nígbà tí ó dé Yemẹtu, awakọ̀ bá a kó ẹrù búùtù sílẹ̀, ó kó tèmi mọ́ ọn, ó rò pé tirẹ̀ ni. Ọmọ náà kó gbogbo rẹ̀ jọ wọlé. Alẹ́ ni wọ́n rí i pé ó lé ọ̀kan. Ìyá ní ẹ̀rù ba ọmọ náà débi pé kò jẹun, ó ń sunkún, ó ní wọ́n máa pe òun ní olè. Wọ́n sáré jáde lọ wá ọkọ̀ náà, ó ti lọ. Wọn ò ní rédíò ní ṣọ́ọ̀bù, wọn ò gbọ́ ìkéde mi. Ṣùgbọ́n orúkọ Ìsẹ́yìn tí wọ́n rí lára àpò ló fún wọn ní ọgbọ́n: ará Ìsẹ́yìn ló ń hun aṣọ òkè fún àwọn oníbàárà wọn. Wọ́n ya fọ́tò àpò náà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, wọ́n ní kó máa fi han àwọn àgbà ìlú. Ọjọ́ méjìlá ni ọkùnrin yẹn ń gbé fóònù kiri láti agboolé dé agboolé, mi ò mọ̀ ọ́n rí, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n tún sọ ohun kan tí wọn ò pète láti sọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ló mú un jáde. Oníbàárà wọn kan rí sányán náà nígbà tí wọ́n ń sá a sínú afẹ́fẹ́, ó sì dá owó lé e, owó tó lè ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun. Ìyá ní kí ọmọ náà dákẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé tèmi ni tí mo fi máa tà á?" Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, wọn ò gbé ohùn sókè.

Mo wá ní mo fẹ́ rí ọmọ náà. Wọ́n pè é. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Kí n tó dìde ló ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú, èmi ni mo gbé e. Mi ò mọ̀ pé kì í ṣe tèmi." Ó ń bẹ̀ mí. Èmi ló ń bẹ̀. Mo na ọwọ́ láti fà á dìde, ìgbà náà ni mo rí i pé wọ́n fi aṣọ wé ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Mo béèrè ohun tó ṣe é. Ó ní abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ló gún òun ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, ó wọlé dé èékánná.

Mi ò sọ pé èpè mi ló ṣe é. Ọmọ iṣẹ́ wo ni abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ kò gún rí? Ìyá náà pàápàá fi ojú àpá tiwọn hàn mí. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo sọ lórí ẹní mi. Mo mọ ọwọ́ tí mo dárúkọ. Ara mi tutù. Mo wo ọwọ́ yẹn, ọwọ́ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́, tí kò ní ohun mìíràn tó máa fi jẹun láyé ju ọwọ́ náà lọ, mo sì bú sẹ́kún débi pé àwọn oníbàárà tó wà níta wọlé wá wò.

Mi ò lè fi pa mọ́. Mo sọ fún ìyá náà, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, pé mo ti ṣépè fún ẹni tó gbé e. Mo rò pé wọ́n máa lé mi jáde. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ẹnu tó sọ ọ́ ṣì wà lára yín, àbí kò sí? Ẹ fi í ká a kúrò." Wọ́n ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí n fọ ẹnu mi pẹ̀lú omi. Mo gba ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà sáàárín ọwọ́ mi méjèèjì, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi wé e, mo ní gbogbo ohun tí mo sọ láti inú ìbínú àti àìmọ̀, mo kó o padà. Mo ní ọwọ́ yìí á ṣe é lóore. Mo ní ohun tó bá fi ọwọ́ yìí gé kò ní bàjẹ́, ohun tó bá fi rán á gún. Mo ní Ọlọ́hun kó má gba ohun tí mo sọ tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ìyá ń ṣe "Àmín" lẹ́yìn mi, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń ṣe "Àmín". Ọmọ náà kò mọ ohun tí a ń ṣe gan-an, ó kàn ń wò mí, ó ń ṣe "Àmín" pẹ̀lú wọn.

Mo kó owó tí mo mú lọ́wọ́ jáde. Ìyá náà fi ọwọ́ tì í padà, wọn ò kà á, wọn ò wò ó. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, wọ́n kọ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, ó dà bí ọlọ́ṣà tó kóni lẹ́rù lọ, mo sì sọ ọ́ fún wọn, mo ní kí wọ́n má sọ mí di ọlọ́ṣà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ará Ìsẹ́yìn ni yín. Ṣé ẹ kò ní ẹ̀lùbọ́ nílé ni?"

Mo padà sílé pẹ̀lú sányán láyà mi, mi ò fi sí búùtù ọkọ̀ kankan. Mo ru ẹ̀lùbọ́ yẹn, gbogbo rẹ̀, bí wọ́n ṣe dì í láti Ìsẹ́yìn, mi ò tíì tú ẹnu rẹ̀, mo gbé e padà sí Yemẹtu lọ́jọ́ kan náà. Lọ́jọ́ kejì mo pè wọ́n lórí fóònù, mo kí wọn kú oore àná. Mo pe ahunṣọ Ìsẹ́yìn náà, mo kí i. Ó ní òun kò ṣe nǹkan kan, ó ní aṣọ náà ló wá ilé rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ yìgì, ìyá náà àti ọmọ náà wá. Ìka rẹ̀ ti jiná. Ọmọ mi ló ní kí ó bá òun wé gèlè, torí nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ bí sányán àtijọ́ ṣe ń rọ̀ àti bó ṣe ń dúró. Mo jókòó síwájú wọn, mò ń wo ìka náà bó ṣe ń ká etí gèlè sẹ́yìn, tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìró ti wà nídìí ọmọ mi. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta yẹn wà ní apá òsì rẹ̀, dúdú, a kò tú u.

Ní 2020 ọmọ náà gba fírídọ̀ọ̀mù. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́. Ọdọọdún, bí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀lùbọ́ á ti dé Yemẹtu láti Ìsẹ́yìn, mo sì máa ń gbé e lọ fúnra mi.